Ọmọ Ogun Oníke Tó Jọ Àbúrò Mi

Olóòtú ètò rédíò wa, mo kí yín láti àdúgbò New Bell. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Ọkọ mi máa ń kun àwọn sójà kéékèèké oníke, òun àti Stéphane ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì fi wọ́n ṣeré ogun. Ó kun ọ̀kan bí àbúrò mi tí ogun pa, títí kan àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ìrántí ni. Àṣé kó lè máa tì í síwájú ìbọn ni. Bó bá ti ṣubú, ọkọ mi á kígbe: "Àna mi tún ti kú o!" Wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé, mo yọ àbúrò mi, mo fi ìyókù ran èédú. Mi ò náwó kẹrosíìnì.

Ọkọ mi sunkún: "Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta!"

Mo ní: "Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá mi fi tọ́ tiwa."

Ó ní àfi kí n kúnlẹ̀ bẹ òun. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n kúnlẹ̀?