Olùkọ́ Tí Wọ́n Gba Kíláàsì Kẹfà Lọ́wọ́ Rẹ̀: Ìgbésí Ayé Abílékọ Varaidzo Gwenzi, 1961 sí 2023

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹrin ọdún 1961, ní agbègbè Buhera, ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, Varaidzo, sínú ìdílé Olóògbé Josiya Mutamiri àti Olóògbé Ester Mutamiri. Òun ni ọmọ kẹta nínú ọmọ méje. Ìran Mhofu ni wọ́n, àwọn tí wọ́n máa ń ki obìnrin wọn ní Chihera, gbogbo ẹni tó sì ti bá wa gbé ló mọ ohun tí ayé ń sọ nípa Chihera: ọ̀rọ̀ kì í kú sí wọn nínú. Ìyá wa kò fìgbà kan gbìyànjú láti pa tirẹ̀ síbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968. Nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin girama, ní 1978, ogun ti ilé-ẹ̀kọ́ wọn pa, ó sì padà sóko lọ ro àgbàdo fún ọdún méjì. Ọdún 1980 ló tún jókòó láàárín àwọn ọmọ tí kò tó o lọ́jọ́ orí, tí wọ́n ń pè é ní "Màmá Kíláàsì". Ó ní orúkọ náà kò dun òun, pé ẹni tí ebi pa kì í bínú sí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ. Ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1984, ó sì gboyè ní yunifásítì ní Harare ní 1994, pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn àti méjì nílé.

Ní ọdún 1986 ló fẹ́ bàbá wa, Elias Gwenzi, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Bàbá kú ní 2009. Nígbà tí òkú pé ọdún kan, àwọn ẹbí ọkọ jókòó yí ìyá wa ká, wọ́n fi ọ̀pá olóògbé lé e lọ́wọ́ pé kó gbé e fún ẹni tó bá fẹ́ kó ṣú òun lópó. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan ti wọ kóòtù tuntun wá. Ìyá wa kọjá iwájú kóòtù náà, ó gbé ọ̀pá fún Tafara, ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Àbúrò ọkọ náà ní, "Ìyàwó wa, ẹ ti ṣì í gbé."

Ó ní, "Mi ò ṣì í gbé. Kóòtù yẹn dára lára yín, ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Àṣà gba opó tí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣú òun lópó láyè láti gbé ọ̀pá fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bínú, àṣà ló bínú sí.

Láti ọdún 1996 ló ti ń kọ́ kíláàsì kẹfà girama, àwọn tó ń múra yunifásítì, ní sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Rusape. A kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà síhìn-ín, nítorí pé inú ń bí wa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti di nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò àti olùkọ́ lónìí, ẹ rántí bí ó ṣe máa ń múra yín sílẹ̀ fún ìdánwò. Kò gba àkọ́sórí. Ó ní bí ìbéèrè bá ní kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìdílé ń ṣe gbogbo ọmọ inú rẹ̀ láǹfààní bákan náà, kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" rojọ́ tẹ́rùn, kí ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní "rárá" náà rojọ́, kí ẹ wá dájọ́. Ó máa ń ní, "Ẹ má kàn kó orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé jọ bí ẹni kó igi ìdáná. Ẹ sọ èyí tó jó nínú wọn."

Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, ó rán àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà mẹ́rìnlá níṣẹ́ sílé. Ó ní bí wọ́n bá se adìẹ, kí wọ́n wo ẹni tí wọ́n bu iwe rẹ̀ fún, ẹni tí ẹsẹ̀ kàn, àti ẹni tó jẹun gbẹ̀yìn. Kí wọ́n wò ó lásán, kí wọ́n má sọ nǹkan kan. Ní ilẹ̀ wa níbí, bàbá ilé ló ni iwe adìẹ, ìyàwó tí iwe bá sọnù nínú ọbẹ̀ rẹ̀ sì mọ̀ pé ẹjọ́ ti dé. Ọmọ kan, Ruvarashe, kò lè wò ó lásán. Bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ kan òkèlè sadza nígbà tó bi í pé, "Bàbá, ta ló pín in pé ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́?" Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun bàbá náà ju ìbéèrè lọ.

Bàbá náà ni alága ìgbìmọ̀ àwọn òbí, òun ló sì fi owó ara rẹ̀ kan páànù sórí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọlé bá ìyá wa níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń mu tíì.

"Mádáàmù, ṣé ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́ wọn ni, àbí ẹ ń kọ́ wọn láti máa ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀ mi?"

"Ẹ jókòó, bàbá Ruvarashe. Mo ní kó wò ó ni, mi ò ní kó bèèrè. Àmọ́ nígbà tó ti bèèrè, kí lẹ fi dá a lóhùn?"

"Èmi náà lẹ fẹ́ bi léèrè báyìí?"

"Ó lè jáde nínú ìdánwò. Tí ẹ bá ní ìdáhùn, ẹ ṣàánú wa, ẹ sọ ọ́."

Àwọn olùkọ́ dojú bo ife tíì wọn. Alága náà bá ẹnu ọ̀nà lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gba kíláàsì kẹfà lọ́wọ́ ìyá wa. Obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ yege, ni wọ́n dá padà sí kíláàsì kìíní láti lọ kọ́ ìtàn. Ọ̀gá náà kò bẹ̀rù àṣìṣe kankan. Páànù ló bẹ̀rù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ka ẹ̀kọ́ náà rí ni wọ́n gbé kíláàsì fún, ó sì ń pe ìdáhùn fún àwọn ọmọ láti há sórí. Ruvarashe ń sunkún ní ìdí ìwé rẹ̀, nítorí ó rò pé ẹnu òun ló ba ayé àwọn mẹ́tàlá yòókù jẹ́. Ìyá wa ránṣẹ́ sí i pé kó nu ojú rẹ̀, pé ìbéèrè rẹ̀ dára, àsìkò rẹ̀ nìkan ni kò dára.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kìlọ̀ pé ọmọ tí òun bá rí nílé ìyá wa yóò rí pupa ojú òun. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Rusape, ẹ mọ bí omi ẹ̀rọ ṣe rí, ẹ sì mọ̀ pé kànga wà nílé wa. Láti oṣù kẹfà, àwọn ọmọ mẹ́rìnlá ń gbé korobá wá ní ìrọ̀lẹ́. Ta ni yóò ní kí ọmọ má pọn omi? Wọn yóò to korobá sídìí kànga, wọn yóò jókòó sí ilé ìdáná, ìyá wa yóò sì máa kọ́ wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyá Ruvarashe fúnra rẹ̀ ló ń gbé korobá fún ọmọ rẹ̀, tó sì ń fi ojú bá ọkọ rẹ̀ wí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá ìyá wa jà tipẹ́. Dókítà ní kó sinmi. Ó ní òun yóò sinmi nígbà tí wọ́n bá kọ ìdánwò tán. A kò ní purọ́ lórí òkú: ìbànújẹ́ tí wọ́n dì rù ú ló dá kún àìsàn náà. Àwọn ìyá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí òun àti wọn jọ ń wọ búláòsì pupa lọ sí ìpàdé Ọjọ́bọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, gbàdúrà tì í títí. Ó dákẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ náà kọ apá kìíní ìdánwò wọn. Ó ku apá kejì.

Àwọn àgbà ní kí a sin ín ní àárọ̀ Túsìdé, kí oòrùn tó mú. Àárọ̀ Túsìdé yẹn gan-an ni apá kejì ìdánwò. Àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ pé àwọn yóò fi ìdánwò sílẹ̀ wá sin olùkọ́ àwọn. A kò mọ ohun tí a óò ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní òkú kì í dúró de ọmọ ilé-ìwé.

Bàbá Zvarevashe, sahwira ìdílé wa, ẹni tí àṣà fún láyè láti ṣẹ̀fẹ̀ níbi òkú kó sì sọ òótọ́ sójú àgbà, dìde. Ó gbé gíláàsì ìyá wa wọ ojú, ó mú rúlà rẹ̀, ó na rúlà náà sí ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ó sì fi ohùn ìyá wa sọ̀rọ̀.

"Ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yẹn, dìde. Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ìdánwò sílẹ̀ torí ẹ̀? Màá jáde nínú pósí yìí, màá na gbogbo yín."

Ẹ̀rín sọ, ẹkún sì sọ. Ó bọ́ gíláàsì náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Varaidzo ò pẹ́ dé kíláàsì rí láyé ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ dé sàréè."

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní kò burú.

Ìyá wa fi ọmọ mẹ́ta sáyé: Tafara, Nyembesi àti Kudzaishe, àwọn ìyàwó ọmọ, ọmọ-ọmọ mẹ́fà, àbúrò mẹ́rin, àti àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà rẹ̀ káàkiri ayé, tí a kò lè kà tán.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rán ọ̀rọ̀ ìdárò wá pé kí a jẹ́ kí òun kà á níbi sàréè. A dá a padà. Bí ó bá wà láàárín yín, kó jókòó kó gbọ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, Túsìdé, ni a óò gbé pósí jáde, àwọn ọmọ mẹ́rìnlá náà ni yóò gbé e, pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lára àti tàdáwà lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ju erùpẹ̀ ṣáájú wọn.

Chihera, ọmọ Mutamiri, wọ́n ti kọ ìdánwò náà tán. Ẹ lè sùn wàyí.