Ẹní Méjì Tíṣà

Ìjoun, Sátidé, oṣù kọkànlá, 2019

Bí mo ṣe ń ti ẹní tí a sá làfún sí lónìí, ó wọ abẹ́ ìkejì, ó há. Mo fagídí tì í, ó já lójijì, làfún fọ́n ká. Màmá ní, "Olóríkunkun, ẹní lo tún wá ń bá jà?"

Tíṣà wa ni mo rántí. Ẹní méjì náà ni wọ́n fi kọ́ wa: "Lábẹ́ òkun, awẹ́ ilẹ̀ kan á wọ abẹ́ ìkejì. Tó bá há, tó wá já, ilẹ̀ á mì. Omi tó bá a wọlẹ̀ á mú òkúta yọ́, iná á tú jáde lórí òkè."

Mo ní, "Irọ́ ni, Tíṣà. Ilẹ̀ kì í rìn." Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti padà sí Kétu, lódìkejì bọ́dà tí ìjọba tì. Mo gbọ́ pé ara wọn ò yá. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá ṣí, ẹní méjì yìí ni màá ká dání lọ bẹ̀ wọ́n nítorí "Irọ́ ni" yẹn.