Ilẹ̀kùn Kíláàsì Mi

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi dá ṣáṣá. Ẹ má fọkàn sí ohun tí rédíò ń sọ nípa ìlú yìí, àwọn náà ń wá jíjẹ ni.

Iṣẹ́ tí àjọ àgbáyé torí ẹ̀ rán wa wá ń lọ dáadáa. À ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe lè fi ẹnu parí ìjà. Mo ya ìbọn sójú pátákó, mo fagi lé e, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn kíláàsì pa, ó dún gbàù. Kí n tó wẹ̀yìn, gbogbo ọmọ ti wà lábẹ́ tábìlì. Èmi nìkan ló dúró bí òpó, tèmi ti ṣọ́ọ̀kì. Ọmọdébìnrin kan fà mí láṣọ, ó ní, "Tíṣà, ẹ tètè dùbúlẹ̀. Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ìwé yín ni?" Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo dùbúlẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì mi dára. Ó dára púpọ̀, ìwé ni mo ń kó lé e. Ilẹ̀ ni mo ń sùn, níbi tó jìnnà sí fèrèsé, torí ibẹ̀ tutù.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ bá mi kí àbúrò mi onínúfùfù. Ẹ sọ fún un pé tí mo bá dé, bí inú tiẹ̀ ń bí i, kó jọ̀ọ́ máa rọra ti ilẹ̀kùn.

Èmi ọmọ yín.