Ọwọ́ Nìkan Ni Wọ́n Ń Wò

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta. Singapore

Delfin wọ ọkọ̀ ojú omi wa lónìí. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Àpò kan péré ló gbé, àti ọ̀bẹ èso rẹ̀ tó fi aṣọ ìnura wé bí ẹni gbé ẹyin. Mo ti sọ fún un lórí fóònù pé kó wá ọkọ̀ mìíràn, kò gbọ́. Olórí kunkun. Ó ní ibi tí ẹ̀gbọ́n òun bá wà lòun ń lọ. Inú mi dùn, inú mi ò dùn.

Wọ́n ní ká jọ máa sùn sí yàrá kan náà. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná òkè ni wọ́n fi í sí, lábẹ́ Bàbá Ọṣẹ, èmi sì wà nísàlẹ̀ níbi tí a ti ń gé ẹran fún àwọn arìnrìn-àjò. Ọwọ́ ẹni tí mo gbàdúrà kó má bọ́ sí gan-an ló bọ́ sí yìí.

Ìyá wa fi ohùn ránṣẹ́ láti Guimaras, erékùṣù wa ní Philippines: "Pilo, mo fà á lé ọ lọ́wọ́ o." Mo ti gbọ́, Màmá.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí orí mi lè fúyẹ́.

Arnulfo lorúkọ rẹ̀, igbákejì olórí alásè, ará Cavite nílẹ̀ wa. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bàbá Ọṣẹ. Tó bá fẹ́ na èèyàn, á kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Á wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Tó bá nà ọ́ tán, á bọ́ ìbọ̀wọ́ dànù, á tún ọwọ́ fọ̀, láàárín ìka, abẹ́ èékánná, títí dé ìgbọ̀nwọ́, bí ìlànà ṣe wí. Lẹ́yìn náà á tọ́ ọbẹ̀ wò.

Kò sì jẹ́ na èèyàn lọ́wọ́. Kò jẹ́ gbá èèyàn lójú. Ketut, ará Bali tó ń fọ ìkòkò, ló ṣàlàyé fún mi nígbà tí mo dé. Ó ní nígbà kan, Bàbá Ọṣẹ fi ìgbakọ gbígbóná lu ọmọkùnrin kan lọ́wọ́. Kò pẹ́ ni àwọn olùyẹ̀wò ìmọ́tótó wọlé, wọ́n rí egbò. Ẹni tó bá ní egbò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, ọ̀gá ò lè sọ pé rárá. Ọkọ̀ pàdánù máàkì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbéra. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn, ìhà, itan. Ibi tí aṣọ funfun bò. Kò sí ọkọ̀ tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ dáa tó tiwa.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù Kẹta

Wọ́n ti nà án. Ó ní òun yọ̀ ṣubú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹta

Yọ̀ ṣubú! Irú ilẹ̀ wo ló ń wọ bàtà? Ojú bàtà wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i nígbà tó ń pààrọ̀ ẹ̀wù. Gbogbo ilà abẹ́ bàtà náà ni mo lè kà.

Ó jẹun pẹ̀lú mi lálẹ́, ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ, kò lè fẹ̀yìn ti àga. Mo fúngun mọ́ ọn títí ó fi jẹ́wọ́. Pátákó aláwọ̀ ewé, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀fọ́, ló fi gé adìẹ. Ó ní ẹ̀bi òun ni, ó ní èèyàn lè kú sí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní Ọ̀gá, ìyẹn Bàbá Ọṣẹ, ti rí mángòrò tí òun gbẹ́ bí òdòdó, ó sì ti ṣèlérí pé òun Delfin ló máa ni tábìlì èso tí oṣù bá parí. Ó ní ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ló ń nà án.

Mo ní ta ló kọ́ ọ ní wèrè yìí. Ó ń jẹ ẹja rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹta. Phuket

Mo fọ́ ẹnìkan nímú lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Bàbá Ọṣẹ ló sọ̀kalẹ̀ wá gba ẹran ìhà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àbúrò mi ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ ọdún. Orí ni mo fi kàn án kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ta sórí tábìlì. Mo da ọṣẹ apakòkòrò sí i, mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀. Kí n má purọ́ — ó dùn mọ́ mi.

Wọn ò fi mí sùn. Imú kì í ṣe ọwọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta

Mo gbá Delfin létí. Lójú ọ̀nà ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́, níwájú gbogbo ayé.

Wọ́n tún ti nà án lánàá. Mo ní ká lọ rí dókítà, ó ní òun ò lọ, mo wọ́ ọ lápá. Ó já ara rẹ̀ gbà. Ó ní: "Ìlara ló ń ṣe yín, ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà tí ẹ ti ń gé ẹran nísàlẹ̀ yẹn, ta ló mọ orúkọ yín?"

Ọwọ́ mi ti dé etí rẹ̀ kí n tó rò ó. Ṣíbí dúró lẹ́nu àwọn tó ń jẹun nínú. Delfin di etí mú, kò sunkún. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin náà." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kẹta

Ketut ló wá sọ fún mi. Ẹja ni Bàbá Ọṣẹ fi nà án lónìí. Odidi ẹja láti inú yàrá yìnyín, tó dì gbagidi bí igi. Ó di ìrù rẹ̀ mú, ó ń fi lù ú ní ẹ̀gbẹ́, lábẹ́ egungun ìhà, ibì kan náà ṣáá. Nítorí pé Delfin ò fi àmì ọjọ́ sára ike mílíìkì. Tó parí, ó ju ẹja náà dànù, ó ní ó ti kan aṣọ, kò mọ́ mọ́.

Ọlọ́run, mú ọkùnrin yìí kúrò níwájú ọ̀bẹ mi.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Kẹta

Àbúrò mi ń tọ ẹ̀jẹ̀.

Ó gbàgbé láti da omi sí ilé ìtọ̀. Mo wọlé lẹ́yìn rẹ̀, mo bá a. Ó pọ́n bí omi ìṣápá. Mo jókòó sórí ilẹ̀ balùwẹ̀.

Mo sáré lọ bá Dókítà Thenmozhi, dókítà ọkọ̀ wa. Èèyàn dáadáa ni, ó gbé fóònù lójú mi, ó pe ilé ìdáná. Bàbá Ọṣẹ ló gbé e. Ó ní ara ọmọ náà le koko, ó sì fún Delfin ní fóònù. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ara mi yá, Dókítà. Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn, ọtí ló mu." Dókítà gbóòórùn ọtí lẹ́nu mi. Ó ní òun ò lè fi tipá bọ́ aṣọ àgbàlagbà tó ní ara òun yá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Kẹta



Bàbá Ọṣẹ sọ̀kalẹ̀ wá bá mi láàárọ̀. Àwọn méjì dì mí lápá. Ó fọ ọwọ́ nínú bàsíà ìfọwọ́ mi, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé òòlù tí mo fi ń lu ẹran, ó fi lù mí nítan. Ó ní, "O lọ bá dókítà. O ṣeun. Tí o bá tún lọ, àbúrò rẹ ni mo máa fi parí ọ̀rọ̀." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìwé. Ó tún fọ ọwọ́. Ó nu bàsíà náà fún mi.

Lọ́sàn-án, wọ́n ní ìròyìn ti jò: àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la ní Penang, èbúté tó kàn. Ariwo ta. Gbogbo ohun tí kò yẹ kí wọ́n rí ni wọ́n ń kó lọ sí yàrá òṣìṣẹ́ bí ìṣe wọn: agbada tó dógùn-ún, ẹran tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ edé sáàárín bẹ́ẹ̀dì èmi àti Delfin. Àbúrò mi sùn ti edé tó ń rùn, ó ká bí ọmọ inú oyún, ìtọ̀ rẹ̀ sì ti di dúdú. Mo ní kó jẹ́ ká lọ. Ó ní tí oṣù bá parí. Oṣù wo? Kò ní rí ìparí oṣù.

Kò ní bọ́ aṣọ fún dókítà. Ọ̀gá ò ní jẹ́ kó lọ. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè pàṣẹ fún Ọ̀gá, ọ̀la ló ń bọ̀, ọwọ́ nìkan ló sì ń wò.

Ọwọ́.

Ẹran ni mò ń gé láti ọmọ ogún ọdún. Mo mọ ibi tó rọ̀, mo mọ ibi tí iṣan gbà. Lábẹ́ àtàńpàkò, díẹ̀ báyìí. Mo ti pọ́n ọ̀bẹ kékeré.

Ọjọ́rú, 20 oṣù Kẹta. Penang

Ketut ló fi ìwé yìí pamọ́ sábẹ́ àwo ìrẹsì gbé wá fún mi. Wọ́n ti tì mí mọ́ yàrá tí kò ní fèrèsé.

Obìnrin ni olùyẹ̀wò náà, wọ́n ń pè é ní Puan Rohaya, bí ẹni ń sọ pé Ìyáàfin Rohaya. Kúkurú, ìborí funfun, iná ìléwọ́ lọ́wọ́ òsì. Ó fojú wo abẹ́ gbogbo tábìlì. Ó ki ìka bọ inú ìdérí ẹ̀rọ yìnyín. Bàbá Ọṣẹ ń tẹ̀lé e, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Mo gbé ẹran àgùntàn gòkè bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, mo lọ dúró ti Delfin nídìí tábìlì èso. Ó ń gbẹ́ ìbẹ́pẹ. Òógùn bò ó lójú.

Puan Rohaya ní ká na ọwọ́. Gbogbo wa nawọ́. Ó ń bọ̀, ó ń yí ọwọ́ kálukú padà bí ẹni ń ra tòmátì. Mo sọ sí Delfin létí pé, dúró jẹ́jẹ́, má mira. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fa ọ̀bẹ kékeré yọ.

Kò dúró jẹ́jẹ́. Ó fà á. Ó fi gbogbo agbára fà á, ọ̀bẹ sì wọlé ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo gbọ́ ọ. Ohun tí mò ń gbọ́ tí mo bá gé iṣan màlúù ni mo gbọ́ ní ọwọ́ àbúrò mi.

Ẹ̀jẹ̀ sórí ìbẹ́pẹ, sórí ọ̀pẹ òyìnbó, sára aṣọ obìnrin náà. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n da gbogbo oúnjẹ tó wà níta nù, kí wọ́n gbé ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà báyìí. Bàbá Ọṣẹ ní àwọn á tọ́jú rẹ̀ níbí. Puan Rohaya ní, "Báyìí ni mo wí."

Wọ́n gbé mi ṣánlẹ̀. Bàbá Ọṣẹ fi orúnkún tẹ̀ mí lọ́rùn, kò ráyè fọ ọwọ́, ìkúùkù rẹ̀ ń bọ́ sí mi lójú àti lẹ́nu, eyín mi kan ti lọ. Mò ń kígbe lábẹ́ rẹ̀ pé ẹ bọ́ ẹ̀wù àbúrò mi, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù Kẹta

Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Ṣé ó wà láàyè?

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Kẹta

Àwọn ọlọ́pàá Penang mú mi lọ sí ọsibítù láàárọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Dókítà Thenmozhi wà níbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń rán ọwọ́ ni òun gbé ẹ̀wù sókè. Kíndìnrín kan ti bàjẹ́, wọ́n ti yọ ọ́. Ó ní ká ní ó tún sùn nínú ọkọ̀ yẹn lálẹ́ kan sí i, òkú la ò bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Ayọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ó ní iṣan àtàńpàkò ti gé. Ó lè má di ọ̀bẹ mú mọ́.

Delfin dùbúlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì ńlá. Bàbá Ọṣẹ jókòó tì í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fún un ní omi mu. Ọlọ́pàá bi Delfin pé ta ló ti ń nà án bọ̀ láti ìgbà yìí. Mo ń retí. Mo ní ó tán, ó ti bọ́.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo Bàbá Ọṣẹ. Ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ọlọ́pàá ní ṣé ẹnikẹ́ni rí i rí. Bàbá Ọṣẹ ní gbogbo òṣìṣẹ́ ló wà lójú ọ̀nà ilé oúnjẹ lọ́jọ́ tí mo gbá a létí, kó lọ bi wọ́n. Òótọ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n mú mi jáde. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà: àbúrò mi ń mí, àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Lọ́la ni wọ́n ń gbé mi lọ sí kóòtù. Tó bá di pé ká tún un ṣe, mo tún máa gé e.