Súwẹ́tà Tó Fẹ́ Lé Mi Lẹ́nu Iṣẹ́

                                        Yàrá Kejì Lókè,
                                        Ilé Aláwọ̀ Búlúù,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ tí o ní ó ń dùn ọ́ bí o bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣé ó ti fúyẹ́? Má fi ṣeré o, torí bí orúnkún kan bá ti bẹ̀rẹ̀, èkejì ń gbọ́. Ara tèmi le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti gbà pé ojú mi ti parí iṣẹ́.

O mọ̀ pé ó ti tó ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń yẹ àwọ̀ dáyámọ́ǹdì wò. Kò sí ojú tó lè há àwọ̀ sórí, ìdí nìyẹn tí a fi ní òkúta ìfiwéra mẹ́wàá, tí a tò láti orí èyí tó mọ́ bí omi òjò dé orí èyí tí àwọ̀ ìyeyè ti hàn lára rẹ̀. A ó ká bébà funfun bíi kòtò kékeré, a ó dojú òkúta dé sínú rẹ̀ kí dídán rẹ̀ má baà tàn wá jẹ, a ó wá máa sún òkúta tuntun lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹ́wàá náà títí yóò fi bá èyí tó jọ ọ́. Ẹni méjì ló ń wo òkúta kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá dọ́gba, ọ̀gá ni yóò parí ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ èmi àti obìnrin tó jókòó tì mí, tí a ń pè ní Olójú-Àwòdì, kò dọ́gba lórí òkúta mẹ́rin. Gbogbo wọn ni mo ní ìyeyè wọn fi ìpele kan ju ohun tí òun sọ lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a tún ṣe bẹ́ẹ̀ lórí mẹ́fà. Ọ̀gá ní Olójú-Àwòdì ló tọ̀nà nínú gbogbo rẹ̀. O mọ̀ mí. Bàbá Àfàìmọ̀ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, torí kò sí ohun tí n kì í sọ àfàìmọ̀ sí. Wọ́n ní ojú àgbà a máa sọ funfun di ìyeyè. Mo bá fi bébà tó dára jù nílé kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, mo ká a sápò. Ilé ṣáà ni àbọ̀ sinmi oko.

Lọ́jọ́rú, mo lọ bá ọ̀gá. Kí n tó yọ lẹ́tà, ó ní kí n kọ́kọ́ wo òkúta kan níṣojú òun. Mo bẹ̀rẹ̀. Èmi ló ń wò, kò wo òkúta rárá.

"Bàbá, kí lẹ wọ̀ sábẹ́ kóòtù yẹn?"

Súwẹ́tà tí ìyàwó rẹ hun ránṣẹ́ sí mi ni, tí mo ti ń wọ̀ láti ọjọ́ Ajé. Aláwọ̀ ìyeyè! Apá rẹ̀ gùn yọ lábẹ́ kóòtù funfun wa, ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi di ẹ̀mú mú ló sì súnmọ́ òkúta tuntun jù. Àwọ̀ súwẹ́tà ń tàn sí i lára. Èmi tí mo máa ń lé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ aṣọ aláwọ̀ jáde! Òtútù ló kó mi níyè lọ.

Mo bọ́ ọ. Mo tún òkúta mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí a jọ jiyàn lé wò, ọ̀rọ̀ èmi àti Olójú-Àwòdì sì dọ́gba lórí gbogbo wọn. Ó sọ sí mi létí pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bí ojú yín bá lọ, ta ni màá máa bá jiyàn?"

Lẹ́yìn náà, bébà orí tábìlì ti dọ̀tí, ọ̀gá béèrè ẹni tó ní bébà funfun. Ayọ̀ mú mi gbàgbé, mo yọ èyí tó wà lápò mi fún un. Ó ṣí i, ó kà á tán. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ tó mọ́ sókè, ó ká a bíi kòtò, ó da òkúta méjì sí i, ó sún un síwájú mi.

"Bàbá, ẹ bá mi wo èyí."

Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ gan-an. Súwẹ́tà náà móoru, ilé ni mo ti ń wọ̀ ọ́. Bó bá tún fẹ́ hun òmíràn, kó jọ̀ọ́ lo òwú aláwọ̀ eérú, kí apá rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Kí àwọn ọmọ fún mi, kí o sì fi orúnkún yẹn han dókítà. Orí lẹ́tà ìfẹ̀yìntì mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà. Àfàìmọ̀ kí yíǹkì má ràn dé ẹ̀yìn rẹ̀.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú rẹ̀ ṣì ríran,
                                        Bàbá Àfàìmọ̀.