Omi Tí Mi Ò Bá A Mu

Bàbá mi àtàtà,

Mo rí i. Ọ̀gá ṣíìfù yín, ẹni tí kò fún yín ní páàsì ìjáde lọ́jọ́ tí inú ń run yín, ni mo rí lọ́jọ́ Sátidé ní Ṣàngó. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé, ó ń jẹ gúgúrú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láti ìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé SAP tí ìjọba gbé wá ti dé, tí àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà ń dá èèyàn dúró, Tísà Bísí tó kọ́ mi ní Jọ́gíráfì kó àwa kan jọ pé ká máa gun òkè, kí ọkàn wa má baà kú sínú ilé. Ó ní òkè Ìdànrè la ó lọ, ọjọ́ mẹ́ta, ká gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, ká sùn lórí àpáta. Oṣù mẹ́rin ni mo fi múra. Mo ń di yanrìn sínú àpò, mo ń gbé e rìn láti Ìjókò dé Ṣàngó. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sí ohun tó wù mí tó o.

Sátidé la pàdé ká lè mọ ara wa. Mẹ́jọ ni wá, pẹ̀lú Tísà. Ìyá Ràṣídà tó ń ránṣọ wà níbẹ̀, ó ní òun ń lọ kí ọkọ òun lè mọ iyì ọbẹ̀ òun. Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá, ọ̀gá ṣíìfù yín yẹn, náà wà níbẹ̀, wọ́n ti dá òun náà dúró níṣẹ́. Kò dá mi mọ̀. Ọmọdé ni mí nígbà tí mò ń gbé oúnjẹ yín wá sí géètì ilé iṣẹ́ yín.

Tísà ní òfin kan. Kí a tó lọ, èèyàn méjì-méjì á mu omi nínú kọ́ọ̀pù kan, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ara wọn sílẹ̀ lórí àpáta. Ẹni tó bá ti mu kì í bá ẹlòmíràn mu mọ́. Ẹni tí kò bá sì ní ẹnìkejì, ilé ni yóò jókòó sí. Àwọn mẹ́fà yòókù mu tiwọn, ó wá ku èmi àti ọkùnrin náà. Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá wo àpò mi, ó ní ẹ̀yìn mi le, èmi lòun fẹ́.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, láti fi hàn pé òun kì í gba ọ̀lẹ láyè. Ó ní bàbá kan wà lábẹ́ òun tó di ikùn mú láti aago mẹ́jọ, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún páàsì, òun sì ní kó dúró di aago méjì. Ó ká kò, ó fi bí ẹ ṣe ṣe hàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sọ fún wọn pé ìfun yín ti bẹ́ kí a tó gbé yín dé ọsibítù.

Mo dìde. "Bàbá tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, èmi ni ọmọ wọn. Ilẹ̀ ò mọ́ bá wọn. Mi ò ní bá yín mu omi."

Ìyá Ràṣídà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ tún ká kò ká rí i."

Tísà pè mí síta. Ó bẹ̀ mí. Ó ní bí mo bá kọ̀, àwa méjèèjì la ò ní lọ. Ó ní ìyàwó ọkùnrin náà ti kó lọ, pé òkè yìí nìkan ló ń mú un dìde láàárọ̀. Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mọ ibi tí mo ti lè gbá a mú.

Òun fúnra rẹ̀ jáde wá, àgbàlagbà, ó kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́."

"Bàbá mi náà sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí àlejò fìdí kalẹ̀ kí ẹ tó bu omi fún un, ṣé ẹ̀yin ì bá bá a mu ún? Mo rò pé ẹ ó mu ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n wá síbi sàréè yín. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí ojú mi.

Wọ́n lọ láàárọ̀ yìí. Mo lọ wò wọ́n ní gáréèjì. Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá náà wà ní òdìkejì títì, láìgbé ẹrù kankan, ó ń wo mọ́tò náà títí ó fi yà ní kọ́nà. Ó dùn mí wọra pé mi ò sí nínú mọ́tò náà. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọkùnrin náà dáadáa, Bàbá, mo sì jẹun yó lónìí.

Èmi ọmọ yín, tí kò tíì dárí jì í, tí kò sì yéé fẹ́ràn yín.