Fóònù Tí Adéjùwọ́n Fún Mi

Ayọ̀kúnlé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Àbújá? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Olúwa ò ní fi yín sílẹ̀. Ara mi le, àgbàdo ti ń yọ irun, ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀.

Adéjùwọ́n ọmọ Olóyèdé, tó wá sìnkú ìyá rẹ̀ sí Ọ̀sì níbí, ló fún mi ní fóònù ńlá. N kò tọrọ o. Mo bi í pé kí ni kí n ṣe fún un, ó ní kò sí. Kò sí kẹ̀! Lọ́jọ́ kejì mo rí i tó dúró sétí oko wa, tó ń wò ó.

Mo tan fóònù, ó kọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ jáde. Mo gbé e fún ìyá Fìyìnfólúwa tó ń kọ́ wa ní Bíbélì, ó ní fóònù náà ń béèrè bóyá mo gbà ni. Mo ní kí ni kí n gbà, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti gùn jù, kí n ṣáà tẹ̀ ẹ́. Èmi kò tẹ̀ ẹ́! Ohun tí Adéjùwọ́n ò lè fẹnu sọ ló kó síbẹ̀. Mo fi gèlè wé e, mo tì í mọ́ àpótí. Mo fi iṣu mẹ́fà ránṣẹ́ sí i kí ọrùn mi lè fúyẹ́, ó fi àpò ìrẹsì dá mi lóhùn.

Nígbà tó wá dágbére lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé fóònù síwájú rẹ̀, mo ní bó bá jẹ́ oko ló fẹ́, ìwọ Ayọ̀kúnlé lo ni ín. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní àwọn tó ṣe fóònù ló kọ ọ́, pé òun náà kì í kà á, òun kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Ó wá ní nígbà ìdánwò ìwé mẹ́wàá, bàbá rẹ ló ń fi alùpùpù gbé òun lọ sí Ọ̀bọ̀-Ayégúnlé, etí oko yẹn ló ti máa ń dúró de òun, kò sì gba kọ́bọ̀. Ó ní bàbá rẹ kú kí òun tó lè ṣe nǹkan kan fún un, kí n jọ̀ọ́ gbà á, kí òun lè sinmi.

Mo gbà á. Òun ti sinmi, èmi ò tíì sinmi. Lánàá, Zulkifli ọlọ́kadà gbé mi, kò gba owó lọ́wọ́ mi, mo di ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ mú, mo ní kò ní lọ àfi tó bá sọ ohun tí bàbá rẹ ṣe fún un. Ó ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra aṣọ fún ìyàwó Adéjùwọ́n. Bí o bá sì ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ mi, tètè sọ ọ́. Ọlọ́run tí ń fúnni láìwo ọwọ́ ẹni, kó máa fún ọ.

Èmi ìyá rẹ,
Ṣubúọlá